Mary Treat, obìnrin tó ń sin aláǹtakùn nínú ìgò: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ta ni Mary Treat yìí gan-an?

Ará Amẹ́ríkà ni, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko àti kòkòrò. Ìlú Trumansburg ní ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n ti bí i, ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1830, Mary Davis lorúkọ ẹ̀ nígbà yẹn, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì ni bàbá ẹ̀. Ọmọ ọdún 9 ni nígbà tí wọ́n kó lọ sí Ohio. Ní 1863 ó fẹ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Joseph Treat, nígbà tó di 1868 tọkọtaya yìí kó lọ sí Vineland ní New Jersey, ìlú tuntun ni Vineland nígbà yẹn, wọn ò tíì dá a sílẹ̀ tó ọdún 10. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, nínú ilé ẹ̀, nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé ẹ̀, àti nínú àwọn àbàtà àti igbó igi páìnì tó wà nítòsí.



Ewéko ló mọ̀ ni àbí kòkòrò?

Méjèèjì, kò sì ṣeé yà sọ́tọ̀ lára ẹ̀. Ewéko tó gbajúmọ̀ fún jù ni àwọn tó ń jẹ kòkòrò, àwọn kòkòrò tó sì mọ̀ jù ni àwọn tó ń jẹ ewéko tàbí tó ń gbé inú ẹ̀, torí náà tó bá jókòó ti ọ̀kan, èkejì wà níbẹ̀.

Yunifásítì wo ló lọ?

Kò lọ o. Ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin ló lọ ní Ohio, ó tán. Kò sí lábọ́, kò sí ọ̀gá, kò sí ẹni tó ń sanwó oṣù fún un. Maikirosíkóòpù, ìgò, abẹ́rẹ́ àti aago ni irinṣẹ́ ẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo aago yẹn, torí tẹ́ ẹ bá ka ohun tó kọ, gbogbo ẹ̀ ni aago wà nínú ẹ̀: aago báyìí mo ṣe báyìí, ìṣẹ́jú báyìí lẹ́yìn ẹ̀ ewé ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, aago báyìí ó ti dé ibi tó ń lọ. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ káwọn ọ̀jọ̀gbọ́n máa gbà á gbọ́.

Ọkọ ẹ̀ ńkọ́?

Ní nǹkan bí 1874 wọ́n pínyà, ọkọ lọ sí New York, Mary dúró sí Vineland. Àtìgbà yẹn ló ti ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ bọ́ ara ẹ̀: ó ń kọ̀wé fún àwọn ìwé ìròyìn bíi Harper's, wọ́n ń sanwó fún un, ó sì ń kó ewéko àti kòkòrò ránṣẹ́ sáwọn onímọ̀ tó nílò ẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún 28, iye nǹkan tó kọ lé ní 70, ìwé márùn-ún sì wà lórí ẹ̀. Èmi ò mọ bẹ́ ẹ ṣe máa rí i, àmọ́ fún obìnrin tó ń dá gbé láyé ìgbà yẹn, tó jẹ́ pé èèrà àti aláǹtakùn ló fi ń sanwó oúnjẹ, mo bọ̀wọ̀ fún un.

Báwo ló ṣe wá mọ Charles Darwin?

Lẹ́tà ni. Ní ìparí 1871 ló kọ̀wé sí Darwin, gbajúmọ̀ onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ní England, nípa Drosera, ìyẹn ewéko kékeré kan tó ń hù ní àbàtà, tí ewé ẹ̀ kún fún irun pupa, tí ìkán omi kan tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bíi gọ́ọ̀mù sì wà lórí irun kọ̀ọ̀kan. Eṣinṣin á rò pé oyin ni, á bà sí i, ó parí. Darwin fúnra ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ewéko yìí nígbà náà, inú ẹ̀ sì dùn gan-an láti rí ẹni tó wà níbi tí oríṣi Drosera tí òun ò ní ń hù sí. Láti 1871 títí di 1876 ni wọ́n fi ń kọ̀wé síra wọn. Wọn ò fojú kan ara wọn rí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń rò pé ṣe ni Darwin ń ṣàánú ẹ̀. Rárá o. Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀rọ̀ ewéko inú omi yẹn, ẹ máa rí ẹni tó kọ́ ẹnì kejì lẹ́kọ̀ọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ewéko ń jẹ ẹran? Ṣé kì í ṣe àlọ́?

Òótọ́ ni. Ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n ń hù sí kò lọ́ràá, náítírójìn ò tó nínú ẹ̀, torí náà wọ́n ń wá a lára kòkòrò.

Ohun tí Mary ṣe rèé. Ní nǹkan bí aago 10 àárọ̀ ó mú ẹran màlúù tútù, ó gé e wẹ́wẹ́, ó fi í sórí ewé Drosera. Nígbà tó fi máa lé díẹ̀ ní aago 12, ewé méjì ti ká mọ́ ẹran yẹn débi pé kò rí i mọ́. Ó wá fi ẹfun àti òkúta wẹ́wẹ́ sórí àwọn ewé míì, ó dúró títí wákàtí 24 fi pé, ewé ò mira. Ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe pé nǹkan ṣáà bọ́ sórí ewé ni, ewé yẹn mọ èyí tó ṣeé jẹ yàtọ̀ sí èyí tí kò ṣeé jẹ.

Ó tún fi abẹ́rẹ́ kan eṣinṣin láàyè mọ́ ibi tó jìnnà díẹ̀ sí ewé Drosera kan tó gùn bí okùn, nǹkan bí ìdajì ínǹṣì ni àlàfo tó wà láàárín wọn. Láàárín 40 ìṣẹ́jú ewé ti ń tẹ̀ lọ sọ́dọ̀ eṣinṣin, ó sì padà mú un. Àwọn onímọ̀ ò fẹ́ gba èyí gbọ́, torí báwo ni ewé tí kò lójú ṣe máa mọ̀ pé eṣinṣin wà ńbẹ̀? Àríyànjiyàn yẹn le gan-an. Òun ṣáà kọ ohun tó rí.

Dionaea náà wà ńbẹ̀, èyí tí ewé ẹ̀ ń pa dé bí ìgbà téèyàn pa ìwé dé. Darwin kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ ti 1875 lórí àwọn ewéko tó ń jẹ kòkòrò, pé Mrs. Treat sọ pé ewé márùn-ún jẹ eṣinṣin mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n tún pa dé lórí ẹ̀kẹrin, láìpẹ́ sígbà yẹn wọ́n kú. Nínú àwọn ewé yòókù, èyí tó pọ̀ jù ò tiẹ̀ lè da eṣinṣin kẹta, orí ẹ̀ ni wọ́n kú sí. Ẹ ò rí i pé ọ̀kánjúwà ò mọ sọ́dọ̀ èèyàn nìkan.

Kí ni ọ̀rọ̀ ewéko inú omi tẹ́ ẹ máa ń sọ yìí?

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Utricularia lorúkọ ewéko náà. Kò ní gbòǹgbò, ó kàn ń léfòó nínú omi tó dúró sójú kan, ewé ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, lára irun yẹn sì ni àwọn àpò kékeré wà, tó kéré ju hóró ìrẹsì lọ, tó mọ́ gaara débi pé èèyàn ń rí inú ẹ̀. Tipẹ́tipẹ́ làwọn onímọ̀ ti ń sọ pé afẹ́fẹ́ ló wà nínú àpò yẹn kí ewéko má bàa rì. Nígbà tó yá tí wọ́n rí òkú kòkòrò nínú ẹ̀, ìbéèrè wá di báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀.

Àpò kọ̀ọ̀kan ní ẹnu, ẹnu yẹn ní ilẹ̀kùn kan tó ń ṣí sínú nìkan. Darwin gbìyànjú, ó fi abẹ́rẹ́ tọ́ ilẹ̀kùn yẹn, ó fi irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tọ́ ọ, ilẹ̀kùn ò dá a lóhùn. Ó wá gbà pé kòkòrò fúnra ẹ̀ ló ń fi orí ti ilẹ̀kùn bí ìgbà tí wọ́n fi èèkàn gún igi, tó bá ti wọlé tán ilẹ̀kùn á pa dé lẹ́yìn ẹ̀.

Mary ní tiẹ̀ gbé ewéko náà sínú omi lábẹ́ maikirosíkóòpù pẹ̀lú àwọn kòkòrò omi láàyè, ó jókòó tì í. Ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì, ó ṣì wà ńbẹ̀. Àwọn tanwíjí àtàwọn ìdin tó jọ ọ́, ìyẹn irú èyí tẹ́ ẹ máa ń rí tó ń jó nínú garawa omi tó ti pẹ́ nílẹ̀, wọ́n á wá sí ẹnu àpò, wọ́n á máa jẹun káàkiri ibẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà báyìí, fìrí, wọ́n ti wà nínú! Kì í ṣe pé ìdin ti ilẹ̀kùn o. Ṣe ló dà bíi pé nǹkan fà á wọlé. Ó rí i pé ó máa ń wà láàyè nínú ẹ̀ fún bíi wákàtí 24 sí 36, lẹ́yìn náà á kú, ara ẹ̀ á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Lára ewéko míì tó yẹ̀ wò, nínú àpò 10, ó kéré tán 9 ló ní ìdin tàbí àjẹkù ìdin nínú. Ó ní kò sí bí òun ò ṣe ní gbà pé ikùn làwọn àpò yìí jẹ́.

Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Darwin. Ní oṣù Kẹfà 1875 èsì dé, bàbá yìí tí gbogbo ayé ń wárí fún sọ fún un pé ó hàn gbangba pé èrò òun nípa kí kòkòrò fi orí gún ilẹ̀kùn kò tọ̀nà rárá, pé bí ìdin láàyè ṣe ń wọlé fìrí yẹn ya òun lẹ́nu, pé ohun tí kò yé òun ni bó ṣe jẹ́ pé pẹ̀lú gbogbo wàhálà tóun ṣe, òun ò rí ilẹ̀kùn yẹn kó mira lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwé ẹ̀ ti fẹ́ jáde nígbà yẹn, torí náà èrò àtijọ́ yẹn ló ṣì wà nínú ẹ̀.

Ká tó wá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an, ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Ewéko yìí máa ń fa omi inú àpò síta títí ẹ̀gbẹ́ àpò á fi wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fa sítirọ́ọ̀. Irun kéékèèké wà lẹ́nu ọ̀nà, tí kòkòrò bá ti fara kan án, ilẹ̀kùn á ṣí, omi á rọ́ wọlé, á gbé kòkòrò dání, kí èèyàn tó ṣẹ́jú, gbogbo ẹ̀ ti parí. Ojú lásán ò lè bá a. Mary ò mọ ti pé àpò ń fa omi yẹn, àmọ́ ohun tó sọ, pé ilẹ̀kùn yẹn ń gbọ́ ìfọwọ́kàn, pé kì í ṣe kòkòrò ló ń fipá wọlé, òun ló sún mọ́ òótọ́ ju Darwin lọ.

Ṣé Darwin ò wá jí iṣẹ́ ẹ̀?

Kò jí i. Ó dárúkọ ẹ̀ nínú ìwé ẹ̀ léraléra. Òun náà ló gbà á nímọ̀ràn pé kó gbé iṣẹ́ ẹ̀ lórí labalábá jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó lórúkọ, pé kó má ṣe jẹ́ kó sọnù.

Ọ̀rọ̀ labalábá yẹn dà?

Hmm. Ibí yìí ló ti ṣì í.

Ó ń sin ìdin labalábá dúdú kan tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó wá ṣàkíyèsí pé àwọn tóun bá tètè gba oúnjẹ lẹ́nu wọn, akọ ni wọ́n ń dà, àwọn tóun bá ń fi ewé tútù tàn kí wọ́n lè máa jẹ lọ, abo. Ó tún un ṣe pẹ̀lú ìdin tó pọ̀, ó ń ka iye, ó rí nǹkan kan náà. Darwin tiẹ̀ kọ̀wé sí i pé nínú gbogbo èyí tóun mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, tiẹ̀ ló dáa jù. Ó gbé e jáde ní 1873 nínú American Naturalist, àwọn èèyàn gbé e kiri, torí ta ni kò fẹ́ mọ ohun tó ń pinnu akọ àti abo?

Charles Riley, tó jẹ́ onímọ̀ kòkòrò fún ìpínlẹ̀ Missouri, ò gbà. Ó ní kí ìdin tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun rárá, akọ tàbí abo ti wà lára ẹ̀. Òun ló sì jàre. Lónìí a mọ̀ pé inú ẹyin ló ti ń parí, kódà lọ́dọ̀ labalábá, abo ló ń pinnu ẹ̀, kì í ṣe akọ bíi tiwa. Ibi tí iye tí Mary kà ti wá: ìdin abo máa ń tóbi jù, ó sì nílò oúnjẹ púpọ̀ sí i, ebi tó pa gbogbo wọn, abo ló pa kú jù, akọ ló wá ṣẹ́ kù. Iye tó kà tọ̀nà, àlàyé ni kò tọ̀nà. Èmi ò rí ìtìjú kankan nínú ìyẹn.

Ṣé lóòótọ́ ló ń fi aláǹtakùn sínú pálọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, nínú ìgò ńlá irú èyí tí wọ́n fi ń ta súìtì. Ó máa ń bu erùpẹ̀ sí i, á fi ewédò tútù bo ojú ẹ̀, á wá fi aláǹtakùn kan sí i. Kì í ṣe irú aláǹtakùn tó ń ta òwú sí igun àjà o, èyí tó ń gbẹ́ ihò sílẹ̀ ni. Á máa gbé erùpẹ̀ jáde ní kókó kókó, á jù ú nù jìnnà sí ẹnu ihò. Tó bá gbẹ́ ẹ tán, á wá igi wẹ́wẹ́ àti ewédò jọ, á máa tò ó yí ẹnu ihò po, èyí lórí ìyẹn, bí ìgbà tí káfíńtà ń to pákó, á fi òwú ara ẹ̀ so ó pọ̀ títí á fi dà bí ilé ìṣọ́ kékeré. Orí ẹ̀ ló máa wá jókòó sí, tí yóò máa ṣọ́ ẹni tó ń kọjá. Irú aláǹtakùn yìí kan wà tó jẹ́ pé Mary ló kọ́kọ́ júwe ẹ̀, tó sì sọ ọ́ lórúkọ, ní 1880, Geolycosa turricola ni wọ́n ń pè é báyìí, orúkọ tiẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn orúkọ yẹn nínú ìwé àwọn onímọ̀.

Nínú ọgbà ẹ̀ náà, ó fi igi ṣe ọgbà yí ibì kan ká, ó ń ṣọ́ àwọn ihò aláǹtakùn tó wà níbẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ adìyẹ. Agbọ́n kan wà tó jẹ́ ọ̀tá wọn, á wọ ihò, á ta aláǹtakùn lóró kó má lè mira mọ́, á wọ́ ọ lọ fún ọmọ ẹ̀ láti jẹ. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti jókòó ti ihò aláǹtakùn kan lẹ́yìn ilé wa kí n lè rí i tó bá yọjú, 20 ìṣẹ́jú ò pé tí mo ti ń wo fóònù.

Èèrà ńkọ́?

Wọ́n ní ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà á rí ìfun inú ẹ̀. Mary ò tiẹ̀ pa á, ó kàn tẹ̀ lé e. Ní Vineland ó tẹ̀ lé èèrà pupa kan tó máa ń ja ogun, wọ́n á tò lọ sí ilé èèrà dúdú, wọ́n á kó ọmọ wọn tí ò tíì jáde nínú èèpo bọ̀ wálé, àwọn ọmọ yẹn á jáde sílé olówó, wọ́n á máa ṣiṣẹ́ ibẹ̀ bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí wọn. Èèrà tó ń kó ẹrú lorúkọ tí wọ́n ń pè é nígbà yẹn, ẹ sì rántí pé 1865 ni ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ọ̀rọ̀ ẹrú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ létí ẹnikẹ́ni. Ní Florida, èèrà tó ń kó èso koríko pamọ́ sílé ló ṣọ́. Ìwé kékeré tó kọ lórí èèrà jáde ní 1879.

Kí ló wá lọ ṣe ní Florida?

Òtútù Vineland máa ń le, ewéko Florida sì pọ̀, àwọn onímọ̀ ewéko ní Harvard, irú Asa Gray àti Sereno Watson, sì ń retí ohun tó bá rí. Ẹ̀bá odò St. Johns ló ti rí lílì funfun kan tí Watson fi orúkọ ẹ̀ sọ, Zephyranthes treatiae.

Àmọ́ ti òṣíbàtà aláwọ̀ yẹ́lò ló dùn jù. Audubon, ayàwòrán ẹyẹ, ti ya òdòdó yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyẹ síwáànù ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ ewéko wò ó, wọ́n ní àròsọ ayàwòrán ni, wọn ò kà á sí. Mary dé Florida, ó bá a tó ń léfòó nínú omi.

Àwọn nǹkan wo ló tún ń jẹ́ orúkọ ẹ̀?

Yàtọ̀ sí lílì yẹn, èèrà kan wà, Aphaenogaster treatae, Auguste Forel ará Switzerland ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1886. Agbọ́n kékeré kan náà wà, Belonocnema treatae, Gustav Mayr ní Vienna ló sọ ọ́ ní 1881. Agbọ́n yìí ò ju kóńkó lọ, ó ń yé ẹyin sára igi óákù, igi á wá wú kókó roboto yí ọmọ ẹ̀ ká, ilé nìyẹn, oúnjẹ nìyẹn. Títí dòní làwọn onímọ̀ ṣì ń fi agbọ́n yẹn ṣe ìwádìí.

Ṣé iṣẹ́ ẹ̀ wúlò fún àgbẹ̀?

Wúlò gan-an. Ní 1882 ó gbé ìwé jáde lórí àwọn kòkòrò tó ń ba oko àti ọgbà jẹ́, wọ́n sì tún un tẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Home Studies in Nature, tó jáde ní 1885, ni màá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì torí ó ti pẹ́.

Ìgbà wo ló kú?

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 1923, ẹni ọdún 92. Ìpínlẹ̀ New York tí wọ́n ti bí i náà ló kú sí, Vineland ni wọ́n sin ín sí.

Ṣé Utricularia yẹn wà ní Nàìjíríà?

Ó wà, oríṣiríṣi ẹ̀ ló wà káàkiri Áfíríkà. Ẹ wo omi tó dúró sójú kan, adágún, kòtò ẹ̀gbẹ́ oko, ibi tí òṣíbàtà bá wà. Òdòdó kékeré, tó sábà máa ń jẹ́ yẹ́lò, lẹ máa rí tó yọ sókè omi lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìyókù ẹ̀ wà lábẹ́ bí irun tó ta kókó. Ẹ fọwọ́ gbé e pẹ̀lẹ́ jáde nínú omi, ẹ gbé e sétí. Tó bá dákẹ́ roro níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń dún pẹ́pẹ́pẹ́, àwọn ilẹ̀kùn yẹn ló ń ṣí.